Fíréèmù Mélòó ni Kàtúùnù Wa Nílò? Àgbéyẹ̀wò láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó

Nínú gbogbo ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe kàtúùnù, àpótí kékeré kan wà tó máa ń béèrè nọ́ńbà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Blender ti kọ 24 síbẹ̀ kí o tó dé. CapCut kọ 30. FlipaClip, tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò lórí fóònù, kọ 12. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á ya àwòrán nínú ọ̀kan, wọ́n á gé e pọ̀ nínú òmíràn, wọ́n á fi fóònù gba fídíò àti ohùn sílẹ̀, fóònù náà á sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n á gbé iṣẹ́ lọ sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn tó ń lo 25. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá jáde ni wọ́n tó ń rí i pé ẹnu ti ṣáájú ọ̀rọ̀, àti pé ọkọ̀ tó yẹ kó rọra kọjá lójú ọ̀nà ń já lójijì lójijì.

Iye àwòrán adúrójẹ́ẹ́ tó ń kọjá lójú wa láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni nọ́ńbà náà. Fíréèmù là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, fps sì ni ẹ̀rọ fi ń kọ iye wọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán. Òun ló ń pinnu iye àwòrán tí ọwọ́ yóò yà, iye òru tí kọ̀ǹpútà yóò fi rẹ́ńdà, ìyẹn kó sọ iṣẹ́ di àwòrán tó parí, iye epo tí jẹnẹrétọ̀ yóò mu bí iná bá lọ, àti bóyá ìjó wa àti ọ̀rọ̀ ẹnu wa yóò jọ ara wọn lójú ẹni tó mọ̀ wọ́n. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan nítòsí ọjà Ìsìkàn ní Àkúrẹ́, tàbí ní ìlú Oǹdó lọ́hùn-ún, kò ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí yóò bá a tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Òun gan-an ni kò yẹ kó fi nọ́ńbà yìí ṣeré.

Èrò mi nìyí: ibi tí iṣẹ́ ń lọ ni kí a kọ́kọ́ bi oníbàárà, kí a mú nọ́ńbà kan kí a tó fa ìlà àkọ́kọ́, kí a má sì yí i padà mọ́. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí à ń ṣe ní agbègbè yìí, 24 ni mo fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n iye fíréèmù yàtọ̀ sí iye àwòrán tí a yà, inú ìyàtọ̀ yẹn sì ni ọgbọ́n iṣẹ́ wa fara pamọ́ sí.

Kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí àwọn nọ́ńbà yìí ti wá. Nígbà tí àwọn ará Èkó kọ́kọ́ rí sinimá ní Glover Memorial Hall, ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, ọwọ́ ni gbogbo ayé ṣì fi ń yí ẹ̀rọ sinimá. Àwọn Lumière ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1895, ń lo nǹkan bí 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń yí ẹ̀rọ lè yára, ó sì lè falẹ̀, kò sí ohùn tí yóò tú àṣírí rẹ̀. Ìgbà tí ohùn wọ inú fíìmù ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1927 ni ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí ohun tí ojú ń gbójú fò, etí kì í gbà á. Wọ́n fẹnu kò sí 24. Lórí fíìmù oní mílímítà 35, ìyẹn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 90 ní ìṣẹ́jú kan: ó yára tó kí ohùn já geere, kò sì yára débi tí owó fíìmù yóò fi wọ oníṣòwò lọ́rùn. Àdéhùn láàárín etí àti àpò ni 24 láti ilẹ̀.

Tẹlifíṣàn gba ọ̀nà tirẹ̀. Iná mànàmáná ni àwọn tó ṣe é tẹ̀lé. Iná Amẹ́ríkà ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì mú ìdajì rẹ̀, 30. Iná Yúróòpù àti tiwa jẹ́ 50, ìdajì rẹ̀ sì ni 25. Nígbà tí tẹlifíṣàn aláwọ̀ dé sí Amẹ́ríkà ní 1953, wọ́n dín 30 kù sí 29.97 kí àmì àwọ̀ àti àmì ohùn má baà dí ara wọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí 29.97 àti àbúrò rẹ̀ 23.976 fi wà nínú àpótí ẹ̀rọ wa títí dòní. Kò sí ohun tó kàn wá níbẹ̀, àyàfi bí oníbàárà láti Amẹ́ríkà bá béèrè fún un. Ẹni tó bá ṣèèṣì mú 23.976 fún àwòrán tí ohùn rẹ̀ wà ní 24, bí iṣẹ́ bá fi máa pé wákàtí kan, àwòrán á ti fi ìṣẹ́jú àáyá 3.6 gbẹ́yìn ohùn.

Iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí Àkúrẹ́ àti Oǹdó ṣì wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ló mú ìlànà 25 wọ ilé wa. NTA ń lò ó, OSRC ní Àkúrẹ́ ń lò ó. Ẹ̀rọ oní-díjítà tí GOtv àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé wá kò sì yí i padà: 25 àti 50 náà ni. Fíìmù Yorùbá fúnra rẹ̀ ti gbé ilé méjèèjì. Àjàní Ògún ti Ọlá Balógun ní 1976 àti Aiyé ti Hubert Ògúndé ní 1979, fíìmù gidi tí a ń fi iná tàn sára aṣọ ni wọ́n, 24 sì ni ìran wọn. Nígbà tí owó fíìmù kọjá agbára àwọn eléré tiẹ́tà, tí fídíò VHS gba ìgboro ní ìparí àwọn ọdún 1980 síwájú, gbogbo iṣẹ́ ṣí lọ sí 25 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìbò fún un.

Ó yẹ kí n wá dúró díẹ̀ lórí ìyàtọ̀ tí mo sọ lókè, nítorí òun ló ń kó àárẹ̀ bá àwọn ọ̀dọ́ jù. Iṣẹ́ lè jẹ́ 24, kí àwòrán tí ọwọ́ yà má sì ju 12 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwòrán kọ̀ọ̀kan á kàn dúró fún fíréèmù méjì ni, ìyẹn ni yíyà ní méjì-méjì. Bí ó bá dúró fún mẹ́ta, àwòrán 8 péré ti tó. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, 24 gbọ́dọ̀ pé. Àìmọ èyí ló ń mú kí ẹlòmíràn rò pé òun gbọ́dọ̀ ya àwòrán 1,440 fún ìṣẹ́jú kan kí iṣẹ́ òun tó dà bíi ti òkè òkun, tí ọwọ́ á fi rẹ̀ ẹ́, tí yóò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹlòmíràn á ní nígbà tí òun ò lè ya jù 12 lọ, òun á kúkú kọ 12 sínú àpótí. Ó ti di ara rẹ̀ lọ́wọ́ nìyẹn, nítorí kámẹ́rà tó yẹ kó rọra rìn kọjá ilé àti igi náà á máa rìn ní 12, ibi tó bá sì fẹ́ kí ọwọ́ yára gan-an, kò sí fíréèmù tó máa fi ṣe é.

Osamu Tezuka ní Japan ti fi hàn wá pé àwòrán díẹ̀ kò ní kí ìtàn má dùn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Astro Boy jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 1963, owó kò tó, àkókò kò sì tó. Mẹ́ta-mẹ́ta ló ń yà, ó ń tún àwòrán àtijọ́ lò, ó ń jẹ́ kí ẹnu nìkan mì lójú tó dúró. Púpọ̀ nínú kàtúùnù Japan tí àwọn ọmọ wa ń wò lónìí ṣì dúró lórí ìpìlẹ̀ yẹn. Ní 2018, àwọn tó ṣe Spider-Man: Into the Spider-Verse wá fi iye àwòrán sọ ìtàn gan-an. Miles Morales, ọmọ tí kò tíì mọ agbára rẹ̀ lò, méjì-méjì ni wọ́n ṣe é. Peter B. Parker tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Nígbà tí àwọn méjèèjì ń fò láti igi dé igi nínú igbó, ara Miles kò yọ̀ bíi ti ọ̀gá rẹ̀, òǹwòran á sì mọ̀ pé ọmọ náà ṣì ń kọ́ṣẹ́ láìmọ ohun tó jẹ́ kí òun mọ̀ ọ́n. Inú fíréèmù 24 kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Tí mo bá ronú lórí èyí, Òkè-Igbó ni ọkàn mi ń lọ, ìlú tí kò jìnnà sí Oǹdó, níbi tí wọ́n ti bí D. O. Fágúnwà. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú ayé tó wà nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tó jáde ní 1938, ṣe kàtúùnù, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iwin àti ènìyàn máa rìn bákan náà. Kí ọdẹ máa rìn ní méjì-méjì, kó máa sáré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí iwin wá máa rìn ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, kí ara rẹ̀ máa kọ́ lẹ́sẹẹsẹ bó ṣe ń bọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún tó ń wò ó á ti sún mọ́ ìyá rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé iwin ni. Iṣẹ́ yìí wù mí kí ọmọ ilẹ̀ yìí ṣe é, kò sì béèrè ju kọ̀ǹpútà kan, ọwọ́ tó mọ àwòrán, àti ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ yan iye àwòrán rẹ̀.

Ìlù ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ tó kàn, nítorí ibẹ̀ ni kàtúùnù wa ti máa ń ṣubú. Ká ní a fẹ́ ya onídùndún kan tó ń lù níbi ọdún Èkìmògún ní Oǹdó. Kọ̀ǹgọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ń fún ọsán ìlù. Níbi tí ọwọ́ bá ti yá, ká ní kọ̀ǹgọ́ kan awọ nígbà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó lè rí ìlù kan, ó kéré tán a nílò àwòrán méjì, èyí tí kọ̀ǹgọ́ wà lókè àti èyí tó kan awọ. Ìyẹn jẹ́ 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá ń ya ní méjì-méjì kò ní ju 12 lọ. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé etí á gbọ́ ìlù, kọ̀ǹgọ́ á sì wà lókè. Gbogbo ará ilé ni yóò rí i pé onílù yìí kò mọ ìlù lù, bí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé iye àwòrán ló fà á.

Tí a bá ya ọwọ́ ọ̀tún yẹn nìkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwòrán mẹ́ta ló bọ́ sí ìlù kan gẹ́lẹ́: kọ̀ǹgọ́ lókè, kọ̀ǹgọ́ lójú ọ̀nà, kọ̀ǹgọ́ lórí awọ. Ọwọ́ òsì tó ń fún ọsán kò yára bẹ́ẹ̀, kó dúró ní méjì-méjì. Èjìká àti orí onílù lè wà ní mẹ́ta-mẹ́ta. Agbádá rẹ̀, títí tí yóò fi yí padà, lè dúró jẹ́ẹ́. Nínú ẹ̀rọ bíi Blender tàbí OpenToonz, ara onílù á wà ní ipele ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tí ọwọ́ wa máa yà ní àfikún kò sì ju ọwọ́ kan àti igi kékeré kan lọ. Ohun tó ń náni lówó ni àìmọ ibi tó yẹ ká ná an sí.

Ẹnu náà ní tirẹ̀. Nínú èdè wa, ètè méjèèjì máa ń pàdé fún b, m, gb àti p. Àwọn àwòrán ẹnu tí wọ́n ń tà tàbí tí wọ́n ń pín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi wọ̀n. Ẹ̀rọ tó ń fi ẹnu bá ohùn mu fúnra rẹ̀ lè rí gb, kó sì pè é ní g, kó ya ẹnu sílẹ̀ gbayawu. Kí a sọ «gbogbo» bí a ṣe ń sọ ọ́ lójú pópó: fíréèmù bíi méje ni ní 24. Ètè á pàdé, á là, á tún pàdé, á tún là. Ní mẹ́ta-mẹ́ta, àwòrán méjì péré ló bọ́ sí i, ọ̀kan nínú ìpàdé ètè á sì di àwátì. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹnu wà ní méjì-méjì nígbà gbogbo, kí a fún ètè tó pàdé ní fíréèmù méjì kódà bó bá máa jí ọ̀kan lára èyí tó ṣáájú rẹ̀, nítorí ìpàdé ètè ni ojú ń dúró dè. Fún Àkúrẹ́ àti Oǹdó tí wọ́n ní ẹ̀ka èdè tiwọn tí kò tíì sí kàtúùnù tó kún inú rẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ fi ẹnu Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́.

Ó kan owó. Ká ní iléèwé kan ní Ìsìkàn fẹ́ kàtúùnù ìṣẹ́jú méjì, tí a ó fi Blender ṣe, tí fíréèmù kan ń gba kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti rẹ́ńdà. Ní 24, fíréèmù 2,880 ni, wákàtí 144, ọjọ́ mẹ́fà gbáko tọ̀sán tòru. Ní 30, ó di 3,600, ọjọ́ méje àbọ̀. Ní 60, fíréèmù 7,200 ni, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sí ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ tí kò mọ ohun tí ọjọ́ mẹ́sàn-án àfikún túmọ̀ sí. Oníbàárà tó ní òun fẹ́ 60 nítorí ó gbọ́ pé 60 ló dára jù gbọ́dọ̀ gbọ́ iye rẹ̀ kí ó tó buwọ́ lùwé.

Kò tilẹ̀ dára jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Peter Jackson gbé The Hobbit jáde ní 48 ní oṣù kejìlá 2012, ọ̀pọ̀ tó wò ó ní sinimá kò gba tirẹ̀. Wọ́n ní ó jọ eré tẹlifíṣàn, wọ́n ní àwọn rí i pé aṣọ ni aṣọ, pé ògiri pákó ni ògiri. Ní ti kàtúùnù, ìṣòro náà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọlangidi inú kọ̀ǹpútà bá rìn ní 60, gbogbo àṣìṣe kékeré tó wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa hàn, ìrìn rẹ̀ á sì máa yọ̀ lórí ilẹ̀ bí ẹni tí kò ní ìwúwo. 24 tó ní ìbòòji díẹ̀ lára ohun tó ń yára, èyí tí Blender ń pè ní motion blur, tí Shutter rẹ̀ sì wà ní 0.5 látilẹ̀, sàn ju 60 aláìlábàwọ́n lọ ní ojú mi. Eré gẹ́ẹ̀mù nìkan ni mo gbà pé ó nílò 60, nítorí ọwọ́ ẹni tó ń ta á ń dúró de èsì.

Ibi tí iṣẹ́ ń lọ wá kù. Bí ó bá ń lọ sí tẹlifíṣàn Nàìjíríà, 25 ni ilé rẹ̀. Ìyẹn kò ní ká má ṣe é ní 24, nítorí 24 ń wọ 25 láìsí wàhálà: wọn á kàn mú un yára díẹ̀, ìṣẹ́jú méjì á di ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 55.2. Ohùn á ga díẹ̀, kò tó ìdajì ohun tó wà láàárín dò àti rè. Èdè wa jẹ́ èdè olóhùn, ẹ̀rù sì lè ba èèyàn pé ọ̀rọ̀ á dàrú. Kò ní dàrú: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ jọ gòkè pọ̀ ni, àlàfo tó wà láàárín wọn ò yí padà. Bó bá jẹ́ ohùn akọrin tí àwọn èèyàn mọ̀ dáadáa, kí a lo ẹ̀rọ tó máa dá ohùn náà padà sí ibi tó wà.

Èyí tó bani nínú jẹ́ ni 30 tó ń lọ sí 25. Ẹ̀rọ á yọ fíréèmù kan dànù nínú mẹ́fà-mẹ́fà, ìgbà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kámẹ́rà bá ń rọra kọjá láti Ọjà Ọba dé Ìsìkàn, gbogbo ilé á máa fò. Ẹni tó ṣe kàtúùnù ìpolówó ní 30 nínú CapCut, tó gbé e lọ sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn, tó sì rí i pé kò yọ̀ mọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kò sí oògùn tó dára fún un lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí.

Fóònù ni òǹwòran wa tó pọ̀ jù ń lò, ó sì ní ìṣirò tirẹ̀. Ojú Tecno, Infinix tàbí itel máa ń tún ara rẹ̀ yà nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn tuntun ń ṣe 90 tàbí 120. 30 pín 60 dọ́gba-n-dọ́gba. 24 kò pín in. Fíréèmù kan á dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èyí tó tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Lórí 120, 24 bọ́ sí i dáadáa, lẹ́ẹ̀márùn-ún-márùn-ún. 25 ni kò bá èyíkéyìí nínú wọn mu. Nítorí náà, bó bá jẹ́ orí YouTube, Facebook àti TikTok nìkan ni iṣẹ́ ń lọ, 25 kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbẹ̀. Kí a mú 24, kí a sì jẹ́ kí kámẹ́rà rìn jẹ́jẹ́: ohun tó bá wọlé láti etí kan àwòrán, kó gbà tó ìṣẹ́jú àáyá méje kó tó jáde ní etí kejì. Bó bá jẹ́ pé orí fídíò tí fóònù gbà ní 30 ni kàtúùnù máa jókòó sí, tàbí pé ọ̀rọ̀ kíkọ ló ń kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, 30 ni kí a lò láti ìbẹ̀rẹ̀. YouTube fúnra rẹ̀ ní kí a gbé iṣẹ́ wá ní iye tí a fi ṣe é, kí a má yí i padà kí a tó gbé e síbẹ̀.

Sinimá àti àwọn tó ń ra iṣẹ́ fún íntánẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ 24. Ojú ọ̀nà yìí sì ti là fún wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Anthill Studios ti Níyì Akínmọ́láyàn, ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó, ló ṣe kàtúùnù Malika: Warrior Queen tó jáde ní 2019 láti inú ìwé Roye Okupe. Lady Buckit and the Motley Mopsters dé sinimá ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Iwájú, tí iléeṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe, jáde ní oṣù kejì 2024, Iyanu ti Okupe náà sì bọ́ sórí Cartoon Network ní oṣù kẹrin 2025, ayé Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ọmọ yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ tó ń fi Blender dánra wò lónìí lè jẹ́ ẹni tí wọ́n á pè lọ́la. Irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ fà láti iye kan dé òmíràn, ojú wọn á sì tètè rí i.

24 tún ní àǹfààní kan tí àwọn ayàwòrán mọ̀ tí àwọn oníbàárà kò mọ̀. Ó ṣeé pín sí 2, 3, 4, 6, 8 àti 12. Ìdajì 25 jẹ́ 12 àbọ̀, kò sì sí ẹni tó lè ya ìdajì àwòrán. Èyí kan orin náà. Orin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀lé nígbà 120 ní ìṣẹ́jú kan máa ń bọ́ sí fíréèmù 12 gẹ́lẹ́ ní 24: ẹsẹ̀ balẹ̀ ní 1, ní 13, ní 25, ìjó á sì dúró lórí ìlù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 25, ẹsẹ̀ yẹn á máa bọ́ sáàárín fíréèmù méjì. Ẹni tí wọ́n bá fún ní orin tó jẹ́ 125, tó sì ń ṣe é fún tẹlifíṣàn, ó ti rí ìdí tó fi yẹ kó lo 25, nítorí níbẹ̀ ni 12 ti tún padà bọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí orin wà nílẹ̀ kí àwòrán tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun méjì ni mo fẹ́ sọ ní kúkúrú lórí fóònù àti iná. Kámẹ́rà fóònù kì í dúró lórí 30 tó kọ. Ó ń lọ sókè sódò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí. Bí a bá fi gba fídíò ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tàbí tó ń jó kí a lè ya tiwa tẹ̀lé e, kí a kọ́kọ́ fi HandBrake, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, sọ ọ́ di iye kan ṣoṣo. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ á bá ohùn mu, ìkẹta á ti yà kúrò. Ẹni tó sì ń fi amọ̀ tàbí ọmọlangidi ṣe kàtúùnù, tó ń ya fọ́tò wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ gílóòbù, kó rántí pé iná wa ń mọ́ ó ń dín nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ó gbé kámẹ́rà sí 1/50 tàbí 1/100, ìlà dúdú kò ní máa gba ojú àwòrán kọjá. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ń gbé iná, tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò, iná náà ń tẹ̀ lé e. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, gílóòbù tó ń lo bátìrì ni kó fi ṣiṣẹ́.

Àwọn ọmọ tó ń fi FlipaClip ya kàtúùnù lórí fóònù ni ọ̀rọ̀ mi kàn gbẹ̀yìn, nítorí àwọn ló pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ wọn ló sì rò pé iṣẹ́ àwọn kò ṣeé gbé lọ síbi kankan nítorí pé 12 ni. Kí wọ́n má tún un yà. Kí wọ́n gbé e wọ inú iṣẹ́ tuntun tó jẹ́ 24, kí àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró fún fíréèmù méjì. Kò sí ẹyọ kan tó máa sọnù, ohùn á sì dúró síbi tó wà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wá ibi tí ọwọ́ ti yára jù, ibi ìlù, ibi àtẹ́wọ́, ibi tí Ìjàpá ti bọ́ láti orí igi, kí wọ́n sì fi àwòrán tuntun kún àárín níbẹ̀ nìkan.